Ìyá Ọkọ Tó Jẹ Kéèkì Tòun Ti Bébà

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, bébà ló fà á. Kì í ṣe ìwé ilẹ̀, kì í ṣe ìwé ilé. Bébà ìdí kéèkì ni.

Ìyá kan ló pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Aránṣọ ni ìyàwó náà. Ó mú ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, sí ṣọ́ọ̀bù oníkéèkì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, torí ìyá ní òun fẹ́ fi ẹnu òun tọ́ kéèkì kéékèèké ibẹ̀ wò. Bí wọ́n ṣe padà délé, ìyá kó ẹrù ìyàwó síta, tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Kábíyèsí ní, "Ìyá, kí ló ṣe yín?"

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọmọ yìí jókòó tì mí, ó ń wò mí, mo jẹ bébà!"

"Bébà wo?"

"Èyí tí wọ́n fi wé ìdí kéèkì. Mo bù ú jẹ, ó le. Mo ní bóyá èèpo rẹ̀ ni. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tún mú òmíràn."

"Ẹ tún mú òmíràn?"

"Ó dùn lókè, Kábíyèsí! Ìgbà tí mo tún mú òmíràn ni obìnrin kan tó jókòó nítòsí wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Màmá, ẹ bó o ná.' Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú wò mí. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi mì. Ọmọ yìí mọ̀, kò sọ! Ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Mi ò fẹ́ ẹ nílé ọmọ mi mọ́."

Àgbà ìjòyè kan wà tí a ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni. Ó mi orí. "Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni."

Kábíyèsí kọjú sí ìyàwó. "O mọ̀ pé bébà ni?"

"Mo mọ̀, Kábíyèsí."

"O sì dákẹ́?"

"Ọ̀wọ̀ ni. Nígbà kan mo sọ fún wọn pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ wọn. Odidi oṣù kan ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyàwó kì í kọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Mo gbọ́, mo sì fi í sọ́kàn."

"Ṣùgbọ́n ìwọ bó tìrẹ kó o tó jẹ ẹ́."

"Rárá o! Èmi náà jẹ tèmi tòun ti bébà. Ṣé wọ́n á máa jẹ bébà, kí n wá máa bó tèmi bí ẹni tó gbọ́n jù wọ́n lọ?"

Ààfin hó yèè. Kábíyèsí ní kí ọkọ bọ́ síwájú. Mẹkáníìkì ni, epo ọkọ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀.

"Kábíyèsí, ìyá mi kò jẹ bébà kankan."

Ìyá fò dìde. "Mi ò jẹ kín ni?"

"Ẹ jẹ díẹ̀, Màmá."

"Díẹ̀ kẹ̀?" ni ìyàwó wí.

"Ó pọ̀, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n, Kábíyèsí, ìyàwó mi kò mọ̀ pé bébà ni."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé mo mọ̀ ni!"

"Ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò rí i."

"Lọ jókòó," ni Kábíyèsí wí. "O ti tú ẹ́ńjìnnì yìí, o ò lè tò ó mọ́."

Wọ́n pe oníkéèkì. Ó wọ ẹ̀wù funfun, ó gbé àwo kéèkì kan wá bí ẹ̀rí.

"Kábíyèsí, kéèkì mi kì í ṣe oúnjẹ lásán. Ìràwọ̀ òwúrọ̀ ni, tó ń yọ lórí ahọ́n..."

"Ṣé wọ́n ń jẹ bébà rẹ̀?"

"Bébà náà ní ẹwà tirẹ̀, bí aṣọ lára ìyàwó tuntun..."

"Mo ní, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́!"

"Ọwọ́ oníbàárà ló kù sí, Kábíyèsí."

"O rí ìyá yìí nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́?"

"Mo rí wọn. Mo tilẹ̀ kí wọn pé ẹnu wọn mọ adùn."

Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí tí kò wúlò tó báyìí.

Kábíyèsí ní kó gbé àwo sún mọ́ òun. Ó mú kéèkì kan. Ṣúgà àti ọ̀rá tí wọ́n tò sórí rẹ̀ ga ju kéèkì fúnra rẹ̀ lọ, bí ọmọdé tó dé fìlà bàbá rẹ̀. Kábíyèsí sọ ọ́ sẹ́nu tòun ti bébà. Ó ń jẹ ẹ́, a ń gbọ́ bébà.

Àwọn ìjòyè ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Oníkéèkì ń wo òrùlé. Bẹ́ẹ̀-Ni ń mi orí tẹ̀ lé ẹnu Kábíyèsí. Ìyá, tó mọ adùn bébà ju gbogbo wa lọ, pa ẹnu mọ́ pinpin. Kábíyèsí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kábíyèsí, ẹ tu ú! Bébà ni!"

Ìyàwó ló pariwo.

"Ẹ rí i!" Ìyá ti fò sókè. "Ó lẹ́nu! Ó lè sọ fún Kábíyèsí, kò lè sọ fún mi!"

Kábíyèsí tu bébà sọ́wọ́. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́ ni o, bóyá kò mọ̀ ni o, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti bi í.

"Ìyá, ẹ rí i pé bébà ni mò ń jẹ?"

"Mo rí i."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Ha, Kábíyèsí! Ta ni mí tí n ó máa kọ́ ọba bí wọ́n ṣe ń jẹun?"

Ìyá gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó rọra jókòó.

"Ìwọ ìyàwó, kí ló kì ọ́ láyà?"

"Kábíyèsí, ẹrù mi ti wà níta. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Kábíyèsí nu ẹnu. Kò pariwo.

"Nínú gbogbo ààfin yìí, ẹni tí wọ́n ti lé síta nìkan ló lè sọ òótọ́ fún mi. Ìyàwó, kó ẹrù rẹ padà wọlé. Láti òní lọ, bí ìyá ọkọ rẹ bá ṣi nǹkan ṣe, sọ fún wọn lójúkojú. Ìyá, ohun tẹ́ ẹ ó máa fi dá a lóhùn ni, 'O ṣeun, ọmọ mi.' Bẹ́ ẹ bá bínú, ẹrù tiyín ni a ó kó síta."

"Kábíyèsí, ẹ kúkú jẹ́ n máa jẹ bébà!"

"Ẹ̀yin ìjòyè mi, ẹ lọ kó ẹrù tiyín síta nísinsìnyí. Ìta lẹ ó máa sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, bóyá ẹnu yín á là."

Bẹ́ẹ̀-Ni dọ̀bálẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ìdájọ́ yín dára."

"Ṣé ó dára lóòótọ́?"

"Ó dára gan-an ni!"

"Tìrẹ di oṣù kan."