Tábìlì Bàbá Ìyàwó

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ gbogbo nǹkan láyé yìí, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ọ̀gá Mo-Mọ̀-Ọ́n ń bẹ nítòsí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ní ọ́fíìsì kó tó fẹ̀yìn tì, òǹtẹ̀ náà ló sì sọ ọ́ di dókítà, mẹkáníìkì àti lọ́yà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbà.

Ìyá ìyàwó yìí ní tábìlì àtijọ́ kan, pákó lásán, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, orí rẹ̀ ni Màmá sì ti ń jẹun látìgbà náà. Nígbà tí àbúrò ìyàwó ní òun náà ń fẹ́ irú rẹ̀, wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ pe káfíńtà.

"Káfíńtà kẹ̀?" ni ọ̀gá wa wí. "Bí káfíńtà bá ní ayùn tó mi, kò lè ní ọgbọ́n tó mi."

Màmá wò ó títí. "Ẹ gbé e lọ, àna mi. Wíwò ni kí ẹ máa wò ó o. Ẹ má fi irin kàn án."

Ó gbé tábìlì kalẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé rẹ̀. Tábìlì ń mì. Ó wọ̀n ọ́n, ó rí i pé ẹsẹ̀ kan gùn ju àwọn yòókù lọ ní ìbú ìka kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó.

"Ṣé o rí iṣẹ́ bàbá yín? Kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n, wọn ò mọ nǹkan wọ̀n."

"Bàbá àwọn ọmọ, Màmá ní kí ẹ má fi irin kàn án."

"Màmá ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba ni. Tí mo bá tún un ṣe tán, àdúrà ni wọ́n máa gbà fún mi."

Ló bá gbé ayùn, ó gé e. Ó wá kan tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kàn án, pákó tábìlì mẹ́rin ló fi kan ẹyọ kan, ó sì fi òòlù lu ìka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ó fi ẹ̀wọ̀n na tuntun kó lè dàbí arúgbó, ó fi tíì dúdú pa á lára. Ká sòótọ́, àwọn méjèèjì jọra. Ẹ bi í, á sọ fún yín. Ẹ má bi í, á ṣì sọ fún yín.

Lọ́jọ́ tó dá wọn padà, ó pe gbogbo ẹbí jọ sí yàrá Màmá. Ó gbé tuntun sí àyè ti àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ń mì.

"Àlejò ni, kò tíì mọlé," ló wí. Ó gbé ti àtijọ́ síbẹ̀. Òun náà ń mì, ife omi tí Màmá gbé lé e sì yọ̀ lórí rẹ̀, ó dà sí ọ̀gá wa ní ṣòkòtò. Àbúrò ìyàwó gbójú sókè, ó ń ka pákó àjà.

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú ibi tí ayùn gbà. Omi lé ròrò sí i lójú. "Igun yìí ni ilẹ̀ ti rì látọjọ́ tí a ti kó wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lọkọ mi fi wà lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fá ẹsẹ̀ gígùn yìí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá kòtò náà mu."

Ọ̀gá Mo-Mọ̀-Ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ṣòkòtò rẹ̀ tó tutù.

Màmá nu ojú rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, àna mi. Ẹ ti bá mi tún tábìlì ṣe. Ilẹ̀ ló wá kù báyìí."

Ọ̀gá wa lanu láti fèsì. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ránṣẹ́ pe bíríkìlà, kí bàbá àwọn ọmọ tó sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n."