Ìdánwò Tí Ẹnì Kankan Ò Fìdí Rẹmi

Kí la mọ̀ nípa ìdánwò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ dáhùn! Ẹ ní ẹni tó mọ̀ ọ́n á yege, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fìdí rẹmi. Ó dáa. Ẹni tó dákú kó tó mú bírò ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ìyìn. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá lù tí wọn ò tíì yìn ín, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ewé Tútù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ètò tí wọ́n bá kọ, ẹ̀rọ ló ń fún un ní ìdánwò, ẹ̀rọ náà ló sì ń máàkì. Bó bá rí àṣìṣe, ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n. Bí kò bá rí, á ní àwọ̀ ewé. Ti gbogbo èèyàn ń pọ́n, tirẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀.

"Igba ó lé ogójì ìdánwò!" ni yóò wí, á gbá àyà. "Kò sí ọ̀kan tó fìdí rẹmi! Àṣìṣe ò mọ ilé mi."

Ètò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni èyí tí yóò máa pe aláìsàn wọlé ní ilé ìwòsàn ojú, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá ti ní bí àfihàn ètò náà bá dára, Ewé Tútù ló máa di olórí ẹ̀ka. Kí ló kù? Ó mú ìyá ìyàwó rẹ̀ wá, kí ìyá lè rí irú ọkọ tí ọmọ òun fẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí, òun náà sì ní ojú tó fẹ́ lọ tọ́jú níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ewé Tútù tẹ bọ́tìnnì. Kí ìyá tó ṣẹ́jú, ògiri tí wọ́n ń tan àfihàn náà sí ti ní àwọ̀ ewé: KÒ SÍ ÈYÍ TÓ FÌDÍ RẸMI.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Ìyá tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"Àna mi, mélòó ló wọlé ìdánwò?"

"Igba ó lé ogójì, Mà."

"Mélòó ló jáde?"

"Ẹ̀n?"

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń kó ọmọ iléèwé lọ wo ọgbà ẹranko. Mi ò bi awakọ̀ rí bóyá ọmọ kankan ń sunkún. Iye tó wọkọ̀ ni mo ń kà, mo sì ń ka iye tó sọ̀. Ọmọ tó sọ nù kì í sunkún sétí ẹni."

"Mà, ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀ o…"

"Kà á," ni ọ̀gá wí. Àtẹ́wọ́ ti dá.

Mọ́kànlá péré! Ìkejìlá ti dákú, ó sì gbé ẹ̀rọ tó ń máàkì ṣubú pẹ̀lú ara rẹ̀. Igba ó lé méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù ò rí ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló dé tí kò pariwo?" Ọ̀gá tú inú ètò náà wò, ó bá ìlà kan tí Ewé Tútù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: *bí o bá ṣubú, dákẹ́*.

"Ariwo ẹ̀ ló ń dí mi lọ́wọ́, ọ̀gá."

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí ìdánwò Ewé Tútù bá ṣubú, a pàtẹ́wọ́!

"Ìkejìlá yẹn, kí ló ń bi ètò náà?" ni ìyá wí.

Ewé Tútù wolẹ̀. "Bí… bí èèyàn bá ju ọgbọ̀n lọ lórí ìlà."

Ìyá yọ káàdì ilé ìwòsàn nínú báàgì: nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì lórí ìlà ọjọ́ Ajé.

Ọ̀gá pa ìlà *dákẹ́* rẹ́, ó ní kí wọ́n máa ṣe ìdánwò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá ṣubú dá nìkan ṣubú. Wọ́n tún un tẹ̀. Igba ó lé ogójì wọlé, igba ó lé ogójì jáde. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún fìdí rẹmi. Ògiri pọ́n, ojú Ewé Tútù pọ́n jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ olórí ẹ̀ka náà bá dákẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ìlà kankan fún un.

Fóònù ìyá dún. Ìyàwó Ewé Tútù ni. "Màámi, ṣé ó yege?"

"Kò fìdí rẹmi rárá, ọmọ mi," ni ìyá dáhùn. "Kò tíì wọlé ìdánwò ni."

Ó kan ẹ̀yin náà wàyí. Lọ́la, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé iṣẹ́ òun ò ní àṣìṣe, ẹ kọ́kọ́ yìn ín, kí orí má baà fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, kí ẹ wá wo àwọ̀ ojú rẹ̀.