Tíì Ti Ilẹ̀kùn

Ẹ̀tọ́-Mi-Dà ru ilẹ̀kùn wọ yàrá tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, gbogbo èèyàn sì tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ọba ló wọlé.

Kì í ṣe ọ̀wọ̀ o. Ẹni tí kò bá tẹrí ba, ilẹ̀kùn á gbá a lórí.

Gbàù!

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má bínú," ló wí, ó sì yí padà láti wo ojú ẹni tó ń bẹ̀. Bó ṣe yí padà, ìdí ilẹ̀kùn gbá ẹlòmíì lẹ́yìn.

Gbàù!

Káfíńtà ni ọkùnrin yìí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ti kúrò lẹ́nu aráyé tipẹ́. Ẹ̀tọ́-Mi-Dà ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sí ibi tó dé tí kì í ti í béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gé irun rẹ̀ tán, á ní kí wọ́n di irun náà fún òun, ṣebí orí òun ló ti hù.

Ilẹ̀kùn tó rù yìí, ti ìyá ìyàwó rẹ̀ ni, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà tí ti àtijọ́ ti jẹrà ni ìyá náà ti ta kọ́tìnnì sẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ aládùúgbò sì ti sọ ibẹ̀ di ọ̀nà ìrọ̀rùn. Á wọlé láàárọ̀, á yẹ ìkòkò wò, á jáde. Lọ́jọ́ kan ìyá náà jí, ó rò pé ọmọ òun ló sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó na ọwọ́ sí i, ó kan ìwo.

Ẹ̀tọ́-Mi-Dà ti ṣèlérí ilẹ̀kùn yìí títí ó sú èèyàn. Nígbà àkọ́kọ́ ó ní pákó kò tíì gbẹ. Nígbà tó yá ó ní pákó ti gbẹ jù. Ìyàwó rẹ̀ wá sọdá sí òdìkejì omi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń ba ọkùnrin lẹ́rù sọ fún un lórí fóònù pé:

"Ọkọ mi, bí ilẹ̀kùn ò bá dé kí oòrùn òní tó wọ̀, Màmá ní káfíńtà tó wà ládùúgbò wa níbí ló máa ṣe é."

"Káfíńtà wo?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tó fẹ́ fẹ́ mi nígbà yẹn."

Ẹ̀tọ́-Mi-Dà mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ọkùnrin náà ga, ó máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá, ilẹ̀kùn tó bá sì ṣe kì í dún. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá máa wọlé, kó máa jáde nílé àna òun, kó máa fi òòlù lu nǹkan, kí ìyàwó òun máa gbé omi tútù fún un? Láéláé. Ó yára fi irin ìtìlẹ̀kùn méjì sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó dán an, ó dún kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, ó gbé e rù, ó di etí omi.

Ọkọ̀ sì kọ̀, kò lọ.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ o. Wọ́n ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí omi. Awakọ̀ ni kò sí. Inú ń run ẹni tó yẹ kó wà á, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe ọ̀kan tó ń sinmi nílé pé kó wá gbà á ṣe.

Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní igun yàrá. Ó fi ẹnu sí gbohùngbohùn: "Ẹ̀yin èrò wa, ẹ forí jì wá. Awakọ̀ ní òun ti dé ẹnu ọ̀nà."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ "mo ti dé ẹnu ọ̀nà"? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, inú balùwẹ̀ ló wà, ọṣẹ ṣì wà létí ẹ̀.

Ẹ̀tọ́-Mi-Dà ò rẹ́rìn-ín. Oòrùn ló ń wò. Ibi tó ti ń wo oòrùn lójú fèrèsé ló ti rí pátákó kan lára ògiri. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ̀TỌ́ ÈRÒ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú rẹ̀ là bí ẹni tó pàdé ọmọ ìyá rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì. Ó kà á sókè, ó ń fi ìka tọ ọ́: bí ọkọ̀ bá pẹ́, iléeṣẹ́ á fún èrò ní ohun mímu gbígbóná àti ohun ìpanu. Bó bá pẹ́ jù, tàbí tí wọ́n bá fagi lé ìrìn àjò, kí èrò gba owó rẹ̀ padà tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn gbé e kọjá.

Ó lọ bá gíláàsì. Kó, kó, kó.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀tọ́ mi dà?"

"Ẹ̀tọ́ wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Tíì mi. Àti bisikíìtì."

"Ẹ lọ jókòó, ọkọ̀ máa tó lọ."

"Ṣé ọkọ̀ pẹ́ àbí kò pẹ́?"

"Ó pẹ́."

"Ṣé èrò ni mí àbí èmi kì í ṣe èrò?"

"Èrò ni yín."

"Ṣé ẹ já tíkẹ́ẹ̀tì fún ilẹ̀kùn mi àbí ẹ ò já a?"

"A já a. Ẹrù tó bá tóbi tó yẹn, a máa ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún un."

"Ó dáa. Kí ẹ gbé tíì tèmi wá, kí ẹ sì gbé ti ilẹ̀kùn wá."

Ẹ̀rín ń pa mí. Ìyá aránṣọ kan tó gbé máṣíìnì ìránṣọ sórí itan pàtẹ́wọ́ níbi tó jókòó sí. "Òótọ́ lọ̀gá káfíńtà ń sọ," ló wí. "Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní ẹ̀tọ́." Ni yàrá bá dìde. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, gìì, gìì, gìì, wọ́n ń pe "Tíì! Tíì! Tíì!" títí gíláàsì fi ń gbọ̀n.

Ọwọ́ obìnrin náà bọ́lẹ̀. Ó gbé kẹ́tùlù àti bisikíìtì jáde.

"Tíì wà," ló wí, "ṣùgbọ́n ife ò pọ̀. Ó máa kárí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé yìí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn yín, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ti ìta wọlé pẹ́nrẹ́n, kò ní kárí."

Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà tó ti ìgboro wọlé. Ẹnu ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ gbàyàù. Férémù nìkan ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já, kò sì sí ẹni tó tún un ṣe.

Ilẹ̀kùn já. Káfíńtà wà nílé. Ilẹ̀kùn titun ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀tọ́-Mi-Dà gbé ilẹ̀kùn ìyá ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sínú férémù náà. Ó wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Ó wọ́ bẹ́ńṣì, ó fi tì í lẹ́yìn, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó gba tíì tirẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gba ti ilẹ̀kùn sọ́wọ́ òsì. Wọ́n yìn ín. Ayé dùn.

Gbà, gbà, gbà.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Èmi ni awakọ̀."

Ẹ̀tọ́-Mi-Dà fi ojú kan yọjú níbi ihò kọ́kọ́rọ́. Ọkùnrin kan ló rí tó wọ ṣòkòtò péńpé, ó wọ sílípáàsì, ọṣẹ funfun báláú wà létí rẹ̀.

"Awakọ̀ kí ni?"

"Awakọ̀ ọkọ̀ ojú omi."

"Sílípáàsì balùwẹ̀ lo fi ń wa ọkọ̀ ojú omi?"

"Wọ́n pè mí lójijì ni."

"Tíì ló pè ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Àwọn èrò ń dúró dè mí."

"Àwa la jẹ́ èrò, a ò mọ̀ ẹ́ rí. Ó pọ̀ nínú yín lónìí. Ẹnìkan á ní òun ni awakọ̀, ẹnìkan á ní òun ló ni omi."

Ọkùnrin náà yí ká ilé, ó wá ọ̀nà mìíràn títí, kò rí. Inú yàrá yìí nìkan ni èèyàn lè gbà dé ibi tí ọkọ̀ so mọ́. Ó padà wá kàn. Gbà, gbà, gbà. Ẹ̀tọ́-Mi-Dà fa tíì rẹ̀, fúrúrú, kí tọ̀hún lè gbọ́.

Fóònù obìnrin tíkẹ́ẹ̀tì dún.

"Ẹ̀yin dà, ọ̀gá?" ló wí sínú rẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà? Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Ó pa á. Ó fi ẹnu sí gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin èrò wa, awakọ̀ ṣì ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà o."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá bí ìgbà tí òrùlé bá já. Ẹ̀tọ́-Mi-Dà rẹ́rìn-ín títí tíì gba imú rẹ̀ jáde.

"Ẹ ò rí irọ́ ojúkojú," ló wí, ó ń nu imú. "Ẹnu ọ̀nà wo? Ṣebí ẹnu ọ̀nà lèmi jókòó sí!"

Oòrùn ń lọ. Tíì rẹ̀ tán, ó ku ti ilẹ̀kùn tó ń tutù lọ lórí bẹ́ńṣì. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ pè.

"Ẹ ti dé ibo, ọkọ mi?"

"Mo ti dé ẹnu ọ̀nà."

"Ẹnu ọ̀nà tiwa?"

"Ẹnu ọ̀nà... kan."

"Ó dáa o. Ẹni yẹn ti dé pẹ̀lú tépù. Ó ń wọn ẹnu ọ̀nà Màmá. Ó ń rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀tọ́-Mi-Dà fò dìde, ó di iwájú gíláàsì. "Àǹtí, ó ti pẹ́ jù báyìí. Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn tó máa gbé mi. Ẹ̀tọ́ mi ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ wà. Awakọ̀ ni kò sí."

"Ẹ pè é kí n bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ mi ni kí n bú u."

Obìnrin náà tẹ fóònù, ó nà án sí i láti ihò gíláàsì. Ẹ̀tọ́-Mi-Dà gbé e sétí, ó padà sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

Gbín-ín gbín-ín. Gbín-ín gbín-ín.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fóònù ti ń dún. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

"Ìwọ awakọ̀ ọ̀lẹ yìí," ló wí, "ibo lo wà?"

Ìdáhùn kan jáde láti inú fóònù. Ìdáhùn kan náà jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì jọ dún pọ̀ bí akọrin méjì:

"Mo wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ìyá aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Yéè," ló wí. "Àwa la tì í mọ́ta."

Wọ́n fa bẹ́ńṣì, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kúrò. Awakọ̀ wọlé, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, ọṣẹ tó wà létí rẹ̀ ti gbẹ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò lọ sídìí ọkọ̀ náà. Ó lọ dúró níwájú pátákó, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Mo ti dúró nínú oòrùn títí ojú mi fi pọ́n," ló wí. "Ẹ̀tọ́ mi dà?"

Kẹ́tùlù ti gbẹ. Wọ́n yẹ ife wò káàkiri, gbogbo rẹ̀ ṣófo, àfi ọ̀kan.

"Ti ilẹ̀kùn nìyẹn," ni Ẹ̀tọ́-Mi-Dà wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ẹ bẹ ilẹ̀kùn kó fi sílẹ̀ fún mi," ni awakọ̀ wí.

Ó mu ún. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni mu oògùn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ó ti tutù. Gbogbo èrò dúró yí i ká, wọ́n ń ka iye ìgbà tó ń gbé e mì. Ó ti bisikíìtì ilẹ̀kùn bọ inú tíì, ó dúró kó rọ̀ dáadáa kó tó fi sẹ́nu. Ẹ̀tọ́-Mi-Dà ń wo oòrùn, ó ń wo bisikíìtì, omi ń lé rògbòdò lójú rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra nígbẹ̀yìn, kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó tì í. Ìyá aránṣọ nìkan ló súnmọ́ ọn, ó ń rọra gbọ́ tẹnu rẹ̀.

"Ọ̀gá, ta lẹ ń gbé ilẹ̀kùn yìí lọ fún gan-an?"

"Ìyá ìyàwó mi ni. Ilé tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé, tó kọjú sí ilé ìfọṣọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyá tí ewúrẹ́ ń yọ lẹ́nu."

"Ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Ara ilé kan náà ni wá," ló wí, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe kan èbúté, òun ló kọ́kọ́ fò sílẹ̀ tòun ti máṣíìnì. Bó ṣe sanra tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀, bí ẹni tí ìròyìn ń jó lẹ́nu.

Ẹ̀tọ́-Mi-Dà ru ilẹ̀kùn, ó sáré tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa dé ẹ̀yìnkùlé náà, oòrùn ku bíńtín kó wọ̀. Káfíńtà kejì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tépù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀tọ́-Mi-Dà ò kí i. Ó gbé ilẹ̀kùn, ó kàn án, kò-kò-kò, ó ṣí i, ó tì í, kò dún. Káfíńtà kejì ká tépù rẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ rẹ dára o," ó sì lọ sílé. Ẹ ò rí bí Ẹ̀tọ́-Mi-Dà ṣe yọ àyà síwájú.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ ṣé, àna mi," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n dán an wò láti inú."

Ó wọlé. Ó tì í. Kọ́ọ̀. Kọ́ọ̀.

Ẹ̀tọ́-Mi-Dà dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò dé, ó rí i pé ọ̀nà ti dí, ó dúró tì í. Wọ́n dúró títí. Ìgbà tí Ẹ̀tọ́-Mi-Dà rí i pé dídán-wò náà ti ń pẹ́, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wí."

Ó gbọ́ ẹ̀rín ìyá aránṣọ nínú ilé, kì, kì, kì. Fèrèsé ṣí díẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ yọ jáde, ó gbé tíì kan fún un àti bisikíìtì kan.

"Ẹ gba ẹ̀tọ́ yín, ọkọ mi."

Ọwọ́ náà wọlé, ó tún padà yọ pẹ̀lú ife kejì.

"Èyí jẹ́ ti ewúrẹ́. Òun náà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà."