Bí Mọ̀nàmọ́ná Ṣe Gé Ìyá Ìyàwó Rẹ̀ sí Ọ̀nà Mọ́kànlélógójì

Ká ní ẹnu ń gé igi ni, ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ì bá ti sọ gbogbo igbó ayé di pápá ìṣeré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé fíìmù. Bí àwọn oníkámẹ́rà bá ti ya àwòrán tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá. Á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á gé èyí tí kò dáa dànù, á sì so èyí tó dáa pọ̀. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ó sọ ara rẹ̀ ní Mọ̀nàmọ́ná, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Fíìmù tí mo bá gé," á ní, "ẹni tó bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, ìjà méjì ti kọjá a!"

Bẹ́ ẹ bá ní sùúrù ni baba ìwà, á gbá àyà: "Baba yẹn ti darúgbó, ẹ jẹ́ ó lọ sinmi!" Àwa yòókù mọ̀ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní tiẹ̀, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, ẹlòmíì á ti mú un lọ. Kódà, ó ń jẹun bí ẹni tí àwo fẹ́ sá mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá ṣe fíìmù kan. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ ọ́. Ìyá tó bí òun àti àbúrò rẹ̀, ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún, ló ní kó ṣe ìyá inú fíìmù náà. Nínú ìtàn ọ̀hún, ọmọ ìyá lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Lójoojúmọ́, ìyá á gbé ife méjì sórí tábìlì, ọ̀kan tiẹ̀, ọ̀kan tọmọ. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé àpò ọmọ náà bọ̀, olè sì já a gbà lọ́nà. Ọkùnrin yìí lé olè, ó lé e, ó lé e, títí ó fi gba àpò padà, ó sì gbé e dé iwájú ìyá. Ìyá wo àpò. Ó mọ̀ pé ọmọ ò ní bọ̀ mọ́. Kò sunkún. Ó kàn na ọwọ́ sí ife kejì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni Màmá fi jókòó níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n sọ. "Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ káwọn èèyàn rí ojú wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá lẹ gbé e lé."

Ìyàwó Mọ̀nàmọ́ná, tó jẹ́ aránṣọ, gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Ó yọjú tòun ti àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. "Ọkọ mi, èmi náà ń gé nǹkan o. Mo máa ń wọn èèyàn kí n tó gé aṣọ fún un. Ẹ wọn fíìmù yẹn ná."

"Aṣọ kì í sáré!" ni Mọ̀nàmọ́ná dá a lóhùn. Ó ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kò tíì wò ó jìnnà tí ara fi ń yún un. "Kí ni wọ́n ń wò látàárọ̀? Àbí ife ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?" Ló bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ojú ìyá, gé! Ife, gé! Àpò, gé! Ilẹ̀kùn, gé! Ojú ìyá padà, gé! Nígbà tó máa fi ṣíwọ́, ó ti gé ìyá ìyàwó rẹ̀ sí ọ̀nà mọ́kànlélógójì.

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Mo wà níbẹ̀. Ìyá jókòó síwájú nínú aṣọ tó dáa jù lọ nínú àpótí wọn. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí àpò fi dé. Yéè! Orí ìyá yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ó lọ sókè, ó lọ sílẹ̀, bí orí aláǹgbá tó já bọ́ látorí ògiri. Ife fò wá, ife fò lọ.

"Màmá, ẹ sá o!" ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ife yẹn fẹ́ bù yín jẹ!"

Ẹ̀rín sọ! Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú.

"Ta ni ìyá aláǹgbá yìí?" ni ìyá bi ọmọ wọn.

"Màmá… ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

Mọ̀nàmọ́ná ní tiẹ̀ ń fi ìdùnnú mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i? Wọ́n gbádùn ẹ̀!"

"Ọmọ ló kú níbẹ̀ yẹn!" ni ẹ̀gbọ́n fi dá a lóhùn.

Mọ̀nàmọ́ná bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá wò ó. "Dìde kíá. Ìwọ ṣáà fẹ́ràn kíá."

Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó tún un ṣe. Ǹjẹ́ ẹ rò pé ó kọ́gbọ́n? "Ṣé wọ́n ní n rọra? Màá rọra dé ibi tí ìgbín fúnra ẹ̀ á ti ní kí n yára!" Ló bá fa gbogbo fíìmù gùn, títí kan ibi tí wọ́n ti ń lé olè.

Wọ́n ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Nígbà tí wọ́n tún fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn, olè tiwa ń rìn nínú ẹ̀gún bí ẹni tó ń wá bọ́tìnì tó já bọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹsẹ̀ kejì ṣì ń gba ìmọ̀ràn. Ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ la ẹnu láti pe "Olè!", ohùn jáde bíi ti màlúù tó wà nínú kànga: "Oooo… lèèèè…" Kó tó pe ọ̀rọ̀ náà tán, àwọn tó jókòó ní ìlà kẹta ti sùn. Ẹnì kan wá ń hanrun nínú òkùnkùn bí ẹ̀rọ ìlọta. A yíjú ká bá a wí. Mọ̀nàmọ́ná fúnra rẹ̀ ni!

"Ẹ jí i," ni ìyá sọ. "Kó wá jìyà tiẹ̀ bíi tiwa."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n gbé àga ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìyàwó gbé tiẹ̀ ti òsì.

"Olè ń sá. Gé!" ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó gé. "Ó bojú wẹ̀yìn. Gé!" Ó gé. Wọ́n dé ibi ti ìyá, ọwọ́ Mọ̀nàmọ́ná ń rìn lọ sórí bọ́tìnì, ẹ̀gbọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ó ti tó!" Òógùn ti bò ó.

"Kò tíì tó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀mí mi ń lọ!"

"Jẹ́ kó lọ. Á padà wá bá ẹ níbí."

Ó wà níbẹ̀ tó ń wo ìyá, ló bá rí i tí ètè ìsàlẹ̀ ìyá rọra mì, díẹ̀ báyìí, kí ọwọ́ tó kan ife. Kò rí i rí. Ó ti gé e dànù! Ó yíjú sí ògiri, ó ní erùpẹ̀ wọ òun lójú.

Ọjọ́ tí wọ́n fi èyí hàn, nígbà tí olè ń sá, ìdajì gbọ̀ngàn ti dìde dúró. Ọkùnrin kan bọ́ bàtà rẹ̀ láti bá wọn lé e. Lẹ́yìn náà ni ìyá jókòó sídìí tábìlì. Àwọn tó dìde rọra jókòó padà. Ife dojú délẹ̀, ó dún kọ́ọ́, ẹkún sì sọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyá fúnra wọn ń tọrọ áńkáṣífù.

Orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lórí aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú. Ẹnu ọkùnrin wa ò gbà á mọ́. Ó fò síwájú, iná ẹ̀rọ bá a lójú, òjìji orí rẹ̀ bo àwọn orúkọ náà.

"Èmi ni mo gé e! Èmi, Mọ̀nàmọ́ná, ni mo gé e!"

Bàbá kan láti ẹ̀yìn nu ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i.

"Dákun, ìwọ tó o bo orúkọ wọn yẹn! Ṣé gígé lo mọ̀? Ó yá, gé ara ẹ kúrò níbẹ̀!"