Kí Balógun Akínsọ̀wọ́n Sọ̀ Kalẹ̀ ní Ìkòríta Ọjà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìgbìn, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró! Ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án, kí ìyàwó rẹ̀ jí i! Láṣebíkan akéde ló dé o. Iṣẹ́ tí ọba rán an ló wá jẹ́.

Oṣù mẹ́ta ni ọba àti ìjòyè fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ ère Balógun Akínsọ̀wọ́n, èyí tí wọ́n kọ "Bàbá Rere" sí nídìí. Ìwé àtijọ́ dé láti èbúté, wọ́n kà á sétí ọba. Ènìyàn ni Bàbá Rere ń tà! Ó ta ará oko, ó ta àlejò, ó ta àna rẹ̀ méjì. Àna, ẹ̀yin ará ìlú! Nítorí náà, ère gbọ́dọ̀ kúrò. Ère gbọ́dọ̀ kúrò o!

Èkínní: Kí ẹnikẹ́ni má dọ̀bálẹ̀ fún ère mọ́. Ẹni tí ìdọ̀bálẹ̀ bá ti mọ́ lára, kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá tàpá sófin, ọjọ́ méje ni yóò fi gbálẹ̀ ọjà.

Èkejì: Àwọn adìyẹ tó ń wọ̀ sórí fìlà Balógun ní ọjọ́ mẹ́ta láti kó ẹrù wọn. Èyí tó bá kọ̀, ọbẹ̀ ni! Ọbẹ̀ ni o!

Ẹ̀kẹta: Kí ọlọ́kadà má pe ìkòríta ọjà ní Abẹ́ Balógun mọ́. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ fi orúkọ bàbá tirẹ̀ rọ́pò. Ọba ní ó dáa, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé bàbá tiwọn náà. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ mọ́.

Ẹ̀kẹrin ló le jù. Ní Òkè-Ìgbìn, ọmọ olókùú ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan òkú kí ará ìlú tó gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ère. Kí ọmọ Balógun jáde wá fa okùn. Bí ọmọ kò bá jáde, ère kò ní kúrò!

Ẹ wá wo nǹkan. Lọ́dún tó kọjá, agboolé mẹ́tàdínlógún ló ń jà pé àwọn ni àrólé Balógun. Wọ́n fọ́ orí ara wọn. Láti àná tí ọ̀rọ̀ yìí ti jò láàfin, kò sí ọmọ Balógun kan ṣoṣo nílùú! Bàbá ọlọ́mọ yọyọ di aláìbímọ láàárọ̀ ọjọ́ kan!

Ilé Láṣebíkan wà nínú mẹ́tàdínlógún náà. Òun náà ti ki aṣọ tí ìdílé rẹ̀ fi ń ṣọdún Balógun bọ abẹ́ ibùsùn, ó rò pé òun ti bọ́. Àfi bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìyá Mojírádé, tó ń sun àgbàdo nídìí ère. Ogójì ọdún ni ìyá yìí ti ń kọjú sí ògiri, tó kọ̀yìn sí ère àti títì, tí oníbàárà ń ti ẹ̀yìn ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú ní orí rẹ̀ ti yí. Láṣebíkan pàápàá ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìkéde rí. Àárọ̀ yìí ló tó bi í léèrè. Ìyá ní ìdí ère yẹn ni ìyá òun ti ń tajà, ibẹ̀ ló sì fi lé òun lọ́wọ́. Ọmọ méje ni ìyá ńlá àwọn bí, mẹ́fà ni Balógun kó lọ tà ní èbúté. Òun kò lè máa wo ojú Balógun kí òun tún máa kí oníbàárà káàbọ̀. Ojú ti Láṣebíkan. Ó tì í gan-an.

Ẹ gbọ́ ẹ̀karùn-ún, tí ọba kò rán an o! Láṣebíkan, ọmọ Balógun Akínsọ̀wọ́n tó ta ènìyàn, ni yóò kọ́kọ́ fa okùn lọ́la, bí oòrùn bá ti yọ. Agboolé mẹ́rìndínlógún tó kù, ẹ máa bọ̀. Okùn náà gùn.

Etí tó gbọ́, kó ta èyí tí kò gbọ́ lólobó. Agogo dákẹ́ o! Akéde ti jíṣẹ́ ọba, ó sì ti fi tirẹ̀ lé e. Kí Ìyá Mojírádé má ṣe gbé ìdáná rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àpótí ìjókòó rẹ̀ nìkan ni kó yí padà.