Ọ̀rọ̀ Tó Bà Lé Ojú Owó

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ògbóǹtarìgì. Òun ló fún ara rẹ̀ ní orúkọ náà. Àwọn aládùúgbò kàn ń bá a pè é ni, nítorí kò ná wọn ní nǹkan kan. Àgádágodo ló ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ra àgádágodo, ìtàn owó fàdákà àtijọ́ ló máa gbé lọ sílé, yóò sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀.

Ẹnu ni àìsàn rẹ̀. Kò jalè, kò mutí, ẹnu ṣáá ni. Èjí rẹ̀ fẹ̀, ó sì dára, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára, òjò a máa gba ibẹ̀ wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í jókòó níwájú rẹ̀.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló ní owó fàdákà gan-an: àpótí kan tó kún fún irú èyí tí wọ́n ń pè ní pírúùfù. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Pírúùfù kì í ṣe owó tí wọ́n ń ná. Àwọn tó ń rọ owó á yan díẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á fi irin dídán tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, títí ojú rẹ̀ á fi máa dán bíi dígí. Èèyàn lè fá irùngbọ̀n nínú rẹ̀. Ohun tó bá kan ojú náà lẹ́yìn ìyẹn, ì báà jẹ́ ìka, ì báà jẹ́ èémí, àbùkù ni.

Bàbá yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì, ó sì ń wá ẹni tí yóò fa àpótí lé lọ́wọ́. Ó mú owó kan jáde, nínú ike kékeré tó ní ìdérí, ó gbé e fún ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan. Bó bá padà bó ṣe lọ, àpótí di tìrẹ."

Àyà Ògbóǹtarìgì wú bíi búrẹ́dì. Lọ́kàn rẹ̀, àpótí ti wà ní pálọ̀ òun, àwọn èèyàn sì ti tò wá wò ó.

Owó náà ti gba máàkì méjìdínláàdọ́rin nínú àádọ́rin lọ́dọ̀ obìnrin àgbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa yẹ owó àtijọ́ wò. Ìyá Awò ni wọ́n ń pè é, nítorí awò tó ń sọ kékeré di ńlá kì í jìnnà sí ojú rẹ̀. Máàkì yìí kéré lójú Ògbóǹtarìgì.

"Lọ́wọ́ mi, ó máa gba àádọ́rin," ló ń sọ fún gbogbo àlejò. Ó sì ń yọ owó náà han gbogbo wọn. Etí owó nìkan ló ń dì mú, bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Ó yẹ kí á yìn ín fún ìyẹn. Á wá gbé e sí iwájú ẹnu, á bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Ẹ jẹ́ kí n dé e ná, kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ á wí.

"Kí lo mọ̀ nípa fàdákà?"

"Mi ò mọ̀ nípa fàdákà. Ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí. Ti Ògbóǹtarìgì, ojú owó ló wà.

Ọdún pé. Bàbá, ọmọ rẹ̀ àti ọkọ ọmọ gbéra lọ sí yàrá tí Ìyá Awò ti ń ṣiṣẹ́. Ògbóǹtarìgì kò tíì jókòó tó fi rí nǹkan tó ń kọ mànà lábẹ́ tábìlì. Ó kúnlẹ̀, ó fà á yọ. Tábìlì fì.

"Ìyá, owó yín bọ́ sílẹ̀. Mi ò tíì wò ó dáadáa, àmọ́ àádọ́rin nìyí."

"Ẹnì kan ló fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́, ó sì bà á jẹ́," Ìyá Awò dáhùn. "Òun ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

Ó tún kúnlẹ̀. Ó ní òun kàn ń dán Ìyá wò ni. Ó jókòó, ó mú awò, ó gbé e sójú.

"Ọ̀gá, ojú tí ẹ dì ni ẹ gbé awò sí."

Ó ní bí wọ́n ṣe ń lò ó níbi tí òun ti kọ́ ọ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ń wo àjà.

Ìyá Awò gba awò rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ àrán, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tan iná tábìlì, ó sì ṣí owó náà. Gbogbo yàrá dákẹ́, àfi ẹni tí ẹ mọ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa, Ìyá. Ó ti gòkè."

"Máàkì owó kì í gòkè, ọ̀gá. Kì í ṣe ọmọ iléèwé." Ó yí owó náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó pẹ́ lójú kan. "Bàbá, lọ́dún tó kọjá, ojú owó yìí mọ́ nigín-nigín. Ní báyìí, àmì dúdú wínníwínní ti fọ́n sí i lára. Itọ́ ni. Bí itọ́ bá ta sí fàdákà, á gbẹ síbẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi dúdú. Ta ló ń bá owó yìí sọ̀rọ̀?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá bọ́, kò ṣé kó. Lábẹ́ awò Ìyá, kò ṣé kó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣé kà.

Ògbóǹtarìgì rí àpótí tó ń rìn jáde ní pálọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó mi ni," ó wí. "Ẹnu rẹ̀ kì í dúró."

Wọ́n wo obìnrin náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, kò tíì sọ nǹkan kan.

"Ọ̀gá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀," ni Ìyá Awò wí.

Ó sún síwájú. Ó tẹ̀ ba sórí owó. "Itọ́ báwo? Ibo ni àmì ọ̀hún wà? Ta ló ń tutọ́ sí fàdákà? Ẹ tọ́ka sí i kí n rí i!"

Ìyá Awò nu awò rẹ̀, ó tún wo owó náà.

"Ẹ má ṣèyọnu. Àwọn tó ti gbẹ ni mò ń sọ. Àwọn tó tutù wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Ó mú bírò. "Ọgọ́ta. Ìyẹn bí ẹ ò bá tún ní nǹkan mìíràn láti sọ."

Ó ní in. Ó tilẹ̀ ti la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó dé owó náà jẹ́ẹ́.

Bàbá ti owó náà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Àpótí di tìrẹ."

"Ẹ ṣé, Bàbá." Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, àánú ṣe é. "Ọkọ mi ńkọ́? Ó fẹ́ràn àwọn owó yìí lóòótọ́. Ṣé kò ní máa dé ìdí àpótí mọ́ ni?"

Bàbá ronú títí.

"Kí ó máa wá," ó wí. "Bó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó kọjú sí ògiri."