Mo-Ti-Ṣe-É-Rí àti Bọ́ọ̀ṣì Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ọtí ni ìdààmú àwọn kan láyé. Oorun ni tàwọn mìíràn. Ti onígbàjámọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹnu ni. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè sọ níwájú ọkùnrin náà tí kò ní sọ pé òun ti ṣe é rí. Bí oníbàárà bá jókòó sórí àga rẹ̀, tó ní òun ń gbẹ́ kànga, onígbàjámọ̀ á dá abẹ dúró, á ní, "Mo ti ṣe é rí." Bí ẹlòmíì bá ní òun wọ bàlúù, ó ti ṣe é rí. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, tó ń ké pé ìrora yìí pọ̀ jù, ọkùnrin yìí fọwọ́ gbá a léjìká jẹ́jẹ́, ó ní, "Fara balẹ̀, mo ti ṣe é rí." Agbẹ̀bí ló lé e jáde.

Báyìí ni orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ ṣe pòórá, tí gbogbo èèyàn ń pè é ní Mo-ti-ṣe-é-rí. Kódà, nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà, ọmọbìnrin náà fẹ́ sọ iṣẹ́ tí bàbá òun tó ti dolóògbé fi jẹun fún un. Kò tíì sọ ọ́ délẹ̀ tí ọ̀gbẹ́ni yìí fi ní òun náà ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Ọmọbìnrin náà bá dákẹ́. Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn o.

Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ọkọ̀ náà ti dàgbà débi pé, ká ní èèyàn ni, à bá máa dọ̀bálẹ̀ kí i. Láìpẹ́ yìí ni ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bí táyà ẹ̀yìn bá ti bọ́ sí kòtò, "Gbì!" Bó bá jáde, "Gbì!" Bí wọ́n bá yà ní kọ́nà, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ariwo náà ì bá má ká ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn lásìkò náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún obìnrin náà ni, wọ́n sì fi báńdéèjì bò ó. Dókítà ti kìlọ̀ pé, "Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ mú wọn wá kí n ṣí i. Ẹ má pẹ́ o! Mò ń rìnrìn àjò lẹ́yìn náà, oṣù kan gbáko ni n óò lò. Ẹ má sì jẹ́ kí orí wọn mì jìgìjìgì lójú ọ̀nà."

Mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì ló wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ wò ó. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi jáde.

Ó ní, "Bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ló ti jẹ. Rọ́bà róbótó kan wà níbi tí irin tó di táyà mú ti so mọ́ ara ọkọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí irin máa gbá irin. Mẹ́rin ni wọ́n. Gbé e wá lọ́la, kí n bá ọ pààrọ̀ wọn."

"Bọ́ọ̀ṣì lásán? Mo ti ṣe é rí!"

"Kò burú. Ọ̀rọ̀ kan péré: tó o bá fẹ́ dé àwọn bóòtì tó di bọ́ọ̀ṣì mú pa, rí i dájú pé táyà—"

"Mo ní mo ti ṣe é rí!"

Mẹkáníìkì nu ọwọ́ rẹ̀, ó sọdá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin yìí gan-an fún yín. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fẹ́ ọmọ obìnrin náà, ìyá ìyàwó rẹ̀ kò sì tíì sọ "o káre" kan ṣoṣo fún un rí. Ó ń dùn ún. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ojú náà, òun ni ìyá máa kọ́kọ́ rí, kí ó sì wo òun tìyìn-tìyìn.

Lọ́jọ́rú, ó ra bọ́ọ̀ṣì tuntun mẹ́rin, ó kó wọn sínú fíríìjì. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà kan pé bí òtútù bá mú wọn, wọ́n á sún kì, wọ́n á sì tètè wọlé.

Ìyàwó rẹ̀ ṣí fíríìjì, ó figbe ta. "Ẹ̀yin lẹ kó rọ́bà síbi tí mò ń gbé oúnjẹ sí?"

"Iṣẹ́ ni. O ò lè mọ̀ ọ́n."

Màmá, ìyá rẹ̀, dá sí i láti inú yàrá. "Ọmọ mi, bi í léèrè, ṣé ká sè é ni àbí ká yan án?"

Lọ́jọ́bọ̀, Mo-ti-ṣe-é-rí ti ṣọ́ọ̀bù. Ó fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ó ki igi ńlá méjì sábẹ́ rẹ̀, ó yọ táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó sì dojú kọ bóòtì àkọ́kọ́. Ó fi sípánà yí i títí, iṣan ọrùn rẹ̀ le, bóòtì kò mira.

Màmá jókòó sórí àga níwájú ilé, ó fi ojú kan ṣoṣo ń wò ó. "Àna mi, ṣé kì í ṣe pé ò ń dé e mọ́ra sí i?"

Ọkùnrin náà wò ó. Lóòótọ́, ó ń dé e mọ́ra ni! "Màmá, mo kọ́kọ́ fi ń dẹ́rù bà á ni."

Ó yí ọwọ́ padà. Bóòtì tú lójijì, sípánà sì fò padà wá gbá a níwájú orí, "Pàú!" Ẹ ò gbọ́ kó sọ pé òun ti ṣe ìyẹn rí.

Ìgbà tó yá, bọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kọ̀, wọn ò jáde nínú ihò wọn. Ó bá dáná sun wọ́n. Wọ́n jáde o, àmọ́ èéfín dúdú tó jáde pẹ̀lú wọn gbéra, ó sì lọ bà lé orí aṣọ ibùsùn funfun mẹ́fà tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sá.

"Yéè! Aṣọ mi!"

"Má bínú. Èéfín rọ́bà máa ń lé kòkòrò lára aṣọ."

Ká má purọ́ mọ́ ọn, bọ́ọ̀ṣì tuntun wọlé. Ó fi ọṣẹ pa wọ́n lára, ó fi òòlù gbá wọn, nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Láìsọ ọkọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú irin méjèèjì tó máa ń di táyà mú tó ń rọ̀ dirodiro lófuurufú, ó ki sípánà bọ bóòtì láti dé e.

Màmá na ọrùn. "Àna mi, kó o tó dé e pa, ṣé o ò ní kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn—"

"Màmá, ẹ sinmi ojú yín. Mo ti ṣe é rí!"

Obìnrin náà fẹ̀yìn ti àga. Ọkọ ọmọ rẹ̀ dé bóòtì wọ̀nyẹn títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó wá dá táyà padà, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Iwájú ọkọ̀ balẹ̀. Ìdí rẹ̀ kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, ó ga sókè bí ìdí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"Bí bọ́ọ̀ṣì tuntun ṣe máa ń rí nìyẹn," ló wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kankan kò bi í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wọ aṣọ funfun báláú, ó fi lọ́fínńdà sí i. Màmá jáde, ó fi ojú kan wo ìdí ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló bi léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Sípánà rẹ̀ dà? Fi í sí búùtù."

Wọ́n gbéra ní aago méje. Ní kòtò àkọ́kọ́, wọn kò gbọ́ "gbì." Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ní kòtò kejì, ohun kan ké lábẹ́ ọkọ̀: "Kííínrìn!" Ní ìkẹta, ìdí ọkọ̀ le gbagidi, ó sì ta gbogbo wọn sókè. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Ẹ rọra o!" ni ìyàwó ké.

Ó rọra. Ó rọra débi pé bàbá arúgbó kan tó ń tẹ̀lé ọ̀pá bọ̀ lẹ́yìn bá wọn, ó kí wọn pé, "Ẹ kú ìrìn o," ó sì kọjá wọn lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò fi ń gun àgbọn lóòótọ́, àmọ́ ejò kò ní dókítà tó ń retí rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Aago méje ààbọ̀ kọjá. Òógùn bo onígbàjámọ̀. Oṣù kan gbáko! Bí wọ́n bá pẹ́, ojú obìnrin yìí á wà nínú báńdéèjì fún oṣù kan, ẹnu òun ló sì fà á.

"Dúró," ni Màmá wí. "Ìgbà tí irin táyà ń rọ̀ lófuurufú lo dé bóòtì yẹn pa, àbí?"

"Hẹ̀n... Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìyẹn ló fà á?"

"Rọ́bà ni. Bó o bá ṣe dé e pa sí, ibẹ̀ ló máa gbà pé ilé òun wà. Ọkọ̀ wá fẹ́ jókòó báyìí, ò ń lọ́ rọ́bà lọ́rùn. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá ìyàwó rẹ fi ṣe mẹkáníìkì. Ta lo rò pé ó ń tan iná fún un lábẹ́ ọkọ̀?"

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O ò sọ fún mi!"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ ní ẹ ti ṣe é rí."

Ohun tí àgbà fi ojú kan rí lórí ìjókòó, ẹlẹ́nu ò ní rí i bó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ sùn. Màmá ní kó fi rìfáàsì gun pèpéle simẹ́ńtì kékeré kan létí ọ̀nà, kí àyè lè wà lábẹ́. Obìnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ọkọ̀.

"Wọlé."

"Màmá, aṣọ mi funfun—"

"Ojú mi ńkọ́?"

Ó wọlé. Màmá dúró lókè bí ọ̀gá, ó ń fi bàtà lu ilẹ̀. "Tọ̀tún. Tú u díẹ̀. Mo ní díẹ̀!" Bí bóòtì kọ̀ọ̀kan ti ń dẹ̀, ìdí ọkọ̀ ń rọlẹ̀, gírísì sì ń kán sórí aṣọ funfun, tó, tó, tó. Màmá ní kí ọmọ rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè jókòó dáadáa. "Wàyí o, dé e pa!"

Onígbàjámọ̀ dé e pa. Kò sọ̀rọ̀. Ó ń yọjú jáde lọ́wọ́ nígbà tí bàbá ọlọ́pàá—ẹ má bẹ̀rù, bàbá tó ń tẹ̀lé ọ̀pá yẹn ni mò ń wí—ti dé ibi tó ń lọ, tó sì ti ń padà bọ̀. "Ẹ̀yin nìyí? Ẹ ò tíì dé síbẹ̀?"

Dókítà ti gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n já wọlé. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjì. Ó jókòó padà, ó sì rọra tú báńdéèjì náà.

"Màmá, kí lẹ rí?" ni dókítà bi í.

"Mo rí ọkùnrin kan. Gírísì bò ó láti irun dé bàtà. Ó so kókó níwájú orí."

"Ojú yín ti là dáadáa," ni dókítà wí.

Onígbàjámọ̀ ń wolẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá sún mọ́ ọn. "Àna mi, o káre."

Ó gbójú sókè. "Màmá, èmi?"

"Ìwọ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ọ tó o ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀ nìyẹn."

Bọ́ọ̀ṣì méjì ti ya lára mẹ́rin yẹn, mẹkáníìkì sì bá a pààrọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mẹkáníìkì yìí kan náà ló wà lórí àga onígbàjámọ̀, tó ti fá ìdajì orí rẹ̀, nígbà tí àlejò kan wọlé, tó ní ìdí ọkọ̀ òun ń ṣe "gbì, gbì," wọ́n sì ní bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ni.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nínú yín níbí, ta ló ti pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn rí?"

Gbogbo ojú yí sí onígbàjámọ̀. Mẹkáníìkì ń wò ó nínú dígí. Abẹ rẹ̀ dúró lókè, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Èmi kọ́ o," ló wí. "N kò ṣe é rí."

Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ti fẹnu ṣe láyé, ẹyọ kan tó fọwọ́ ṣe lóòótọ́ nìyẹn.